Ṣé ọkùnrin inú "Cathedral" yìí yí padà lóòótọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. "Cathedral", ìtàn kúkúrú Raymond Carver tó jáde lọ́dún 1981, ni mo fẹ́ bá kíláàsì mi kà, ibì kan sì ń rú mi lójú.

Inú ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà ò dùn rárá pé Robert, afọ́jú tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ̀, ń bọ̀ wá sùn sílé wọn. Inú fíìmù ló ti mọ afọ́jú. Ó tiẹ̀ yà á lẹ́nu pé afọ́jú dá irùngbọ̀n sí! (Ìyàwó Robert sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú o.)

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ń fi kàtídírà hàn, ọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà kò rí ọ̀rọ̀ fi ṣàpèjúwe rẹ̀ fún Robert. Kí wọ́n lè jọ yà á, ó wá báàgì pépà kan tí èèpo àlùbọ́sà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dà nù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Robert gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń ya kàtídírà. Robert ní kó dijú. Nígbà tó tún ní kó wò ó, kò lajú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré sọ pé Ọlọ́run ló rí. Èmi ò gbà, torí òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun ò gba nǹkan kan gbọ́. Lójú tèmi, ọwọ́ méjèèjì yẹn ló ṣe pàtàkì ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti jọ fa igbó ṣáájú! Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ní igbó ló ń ṣiṣẹ́, kí ni kí n fèsì?