"Adílọ́wọ́" ló yẹ ẹ́, kì í ṣe "apa"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe oògùn bíi physostigmine ní "apẹ́ńsáìmù". N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé oògùn yìí kì í pa ẹ́ńsáìmù kankan, ìyẹn àwọn èròjà inú ara tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá.

Ẹ̀wà Calabar, esere tí àwọn Efik fi ń dájọ́ àjẹ́ láyé àtijọ́, ni oògùn náà ti wá. Jobst àti Hesse ló yọ ọ́ lọ́dún 1864. Acetylcholine ni iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́ sí ẹran ara, ẹ́ńsáìmù kan, acetylcholinesterase, ló sì ń fọ́ ọ bí ó bá ti jíṣẹ́ tán. Physostigmine á wọ ojú ibi tí ẹ́ńsáìmù yìí ti ń ṣiṣẹ́, á fi ègé ara rẹ̀ kan, carbamate, sílẹ̀ lára serine, ẹ̀yà kan lára ẹ́ńsáìmù náà, tó wà níbẹ̀. Omi ló ń tú ègé náà kúrò, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Bó bá tú tán, ẹ́ńsáìmù á padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó gba ẹni lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kó ráyè ṣe tirẹ̀, a ní ó dí i lọ́wọ́ ni. Adílọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù, nígbà náà.

Ìyàtọ̀ yìí kan ìtọ́jú gan-an. Dichlorvos tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ègé tí òun fi sílẹ̀ kì í tètè tú. Bó bá pẹ́, kò ní tú mọ́, àfi kí ara ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun. Ẹ fi "apa" fún ìyẹn. Bí a bá fi orúkọ kan pe méjèèjì, báwo ni nọ́ọ̀sì tó ń kàwé wa yóò ṣe gbà pé ọ̀kan nínú wọn ń woni sàn?

Physostigmine kúkú ń woni sàn: ẹni tí gegemu, ewéko olóró nì, bá da orí rẹ̀ rú, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀, tí àyà rẹ̀ ń sáré. Fún àgbàlagbà, mílígíráàmù 0.5 sí 2 ni wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kì í yá ju mílígíráàmù 1 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá yá jù, ìlù ọkàn á rọlẹ̀, gìrì lè mú aláìsàn. Nítorí náà ni atropine, oògùn tó ń ṣẹ́gun ipá rẹ̀, fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ipá physostigmine tètè ń tán ju ti gegemu lọ, torí ìyẹn ni wọ́n fi lè tún un fún un.

Àwọn tó dábàá "adènà", ẹ jẹ́ kí á fi ìyẹn pamọ́ fún atropine. Òun kì í fọwọ́ kan ẹ́ńsáìmù. Ibi tí acetylcholine ti fẹ́ jíṣẹ́ ló ń jókòó dè é.