Ṣé ọmọ tí obìnrin Ìjẹ̀bú bí fún àlejò ò lè gba ìwé ọmọ onílùú ni?

ÌyáDámi_Mọ́lípà
Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, tìyá tìbaba. Lọ́ńdọ̀nù ni mo bí ọmọ mi sí ní 2009, ọmọ Gánà ni bàbá ẹ̀, a ò sí pọ̀ mọ́ (ìyẹn ò kan ẹjọ́ tòní), ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé e wálé, ìhín ló ti ka gbogbo ìwé ẹ̀, ìkọ́kọrẹ́ ló ń jẹ, ẹnu Ìjẹ̀bú ló fi ń bú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó fẹ́ wọ yunifásítì báyìí, wọ́n ní kó mú ìwé lókà gọ́fúmẹ́ǹtì wá, ìwé ọmọ onílùú yẹn.

A lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Akọ̀wé kan fún wa ní fọ́ọ̀mù, a kọ ọ́, ó gbà á, ó ń kà á lọ, ó wá dé ibi tí wọ́n ti bèèrè agboolé bàbá, ó rí i pé agboolé bàbá TÈMI ni mo kọ síbẹ̀. Ló bá ń fi ìdérí bíírò gbá ojú ìlà yẹn pẹ́ pẹ́ pẹ́, ó ní Màdáámù, bàbá ọmọ ni wọ́n bèèrè, wọn ò bèèrè bàbá yín. Mo ní ọmọ Gánà ni bàbá ọmọ. Ó ti fọ́ọ̀mù padà sí mi, ó ní a jẹ́ pé Gánà ni kó ti lọ gba ìwé, pé ọmọ yìí ò tiẹ̀ kí ń ṣe ọmọ Nàìjíríà. Lójú ọmọ o! Ọmọ ò lanu sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ọmọ ibo wá lọmọ mi?

BàbáÌperu
Màámi ẹ má bínú sí mi o, bàbá ló lọmọ. Bá a ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé yẹn ò gbọ́n lẹ́nu ni, àmọ́ ó mọ nǹkan tó ń sọ.

TíṣàCivic_Ṣàgámù
Kò mọ nǹkan kan o jàre. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, Civic ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS, torí náà ìwé òfin 1999 ò jìnnà sọ́wọ́ mi. Akọ̀wé yẹn ti lọ nǹkan méjì pọ̀ bí ata. Kéèyàn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́tọ̀, kó jẹ́ ọmọ onílùú lọ́tọ̀.

Ti Nàìjíríà, abala 25 ló wà. Ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, tí bàbá ẹ̀ TÀBÍ ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni látọjọ́ ìbí. Kò ní láti tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, páspọ́ọ̀tù kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Tó bá sì tún ní ti ìlú míì mọ́ ọn, abala 28 ò gba tibí kúrò lọ́wọ́ ọmọ bíbí.

Ti ọmọ onílùú ló ta kókó díẹ̀, torí òfin ò jókòó kó ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kedere. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni abala 318, níbi tí wọ́n ti sọ ohun tó túmọ̀ sí pé èèyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan. Wọ́n ní kí bàbá tàbí ìyá ẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà ẹ̀, ti wá látinú àwọn tó ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn. Ìyá tún wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá. Abala 42 wá ní kí wọ́n má fi bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kankan fìyà jẹ ẹ́. Fọ́ọ̀mù tó bá ní àyè bàbá nìkan, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣàṣìṣe, kì í ṣòfin. Ọdọọdún ni mo máa ń bi kíláàsì mi pé ta lọmọ Nàìjíríà, ọdọọdún ni wọ́n máa ń ní ẹni tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò yà mí lẹ́nu tí wọ́n bá dàgbà tán tí wọ́n di akọ̀wé.

ỌmọDẹ́gùn_Peckham
Ẹ jẹ́ n fi ti ọ̀hún kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé rò pé ọmọ tá a bá ti bí sí Lọ́ńdọ̀nù ti di ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ti tán láti January 1983. Àfi tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú tí ò ní gbèdéke kí wọ́n tó bímọ. Màmá Dámi, ṣé ẹ ti gba tiyín ní 2009? Ireland náà máa ń fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn wa mọ ọ̀nà yẹn dáadáa, kí wọ́n tó dìbò dí i pa ní 2004. Amẹ́ríkà ló ṣì ń fún wọn látinú àtúnṣe òfin wọn ti 1868, òun náà ni Trump fọwọ́ síwèé ní 2025 pé òun fẹ́ dín kù.

Gánà ò le rárá, òfin wọn ti 1992 ní bàbá, ìyá tàbí òbí àgbà, èyí tó bá jẹ́ ọmọ Gánà nínú wọn ti tó. Ẹ ò rí i, ọmọ tó lè ní páspọ́ọ̀tù mẹ́ta ni wọ́n lé kúrò ní ọ́fíìsì.

ÀgbàÒkèAjé
Bàbá Ìperu, bàbá ló lọmọ tẹ́ ẹ wí yẹn, ibòmíì nílẹ̀ Yorùbá ló ti múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tiwa, ọmọ obìnrin ń jókòó nípàdé ẹbí ìyá ẹ̀, ó sì ń pín níbẹ̀. Nígbà tá a pín owó ilé ìyáalé bàbá wa, ọmọ tí àǹtí mi bí fún ará Kàlàbá gba tiẹ̀, ó fọwọ́ síwèé bíi tàwa yòókù, kò sẹ́ni tó ní kó lọ gbowó ní Kàlàbá.

Ìyá Dámi, ẹ lọ bá olórí ẹbí yín kó kọ lẹ́tà pé ọmọ agboolé ni, kó lẹ fótò ọmọ mọ́ ọn, ẹ mú ìwé ìbí ẹ̀ dání. Ẹ má padà sọ́dọ̀ akọ̀wé yẹn o, ọ̀gá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá.

BàbáÌperu
Ẹ jẹ́ n dákẹ́ 😂 Ará Òdògbólú nìyá tó bí mi, mo sì ń gbowó ilẹ̀ níbẹ̀.

Àǹtí_ÌjẹbúIgbó
Ọmọ lẹ̀ ń sọ, ọkọ tèmi ńkọ́? Ará Jàmáíkà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́, abala 26 gba ìyàwó ẹ̀ láyè kó lọ forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà torí pé ó fẹ́ ọmọ wa. Èmi fẹ́ ará Jámánì, wọ́n ní ti ọkùnrin ò sí níbẹ̀, abala 27 ni kó gbà, kó ti gbé ìhín tó ọdún 15. Bàbá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi o.

TíṣàCivic_Ṣàgámù
Àǹtí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Tiyín ò sí lọ́wọ́ akọ̀wé kankan, òfin fúnra ẹ̀ ló gbè sẹ́yìn ọkùnrin. Wọ́n gbé àtúnṣe ẹ̀ wá sílé aṣòfin ní 2022, wọ́n dà á nù, àwọn obìnrin lọ kóra jọ sẹ́nu géètì wọn l'Ábújá. Kí irú ẹ̀ tó lè kọjá, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti kékeré ló máa fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36.

ÌyáDámi_Mọ́lípà
Ẹ ṣeun gan-an o. Mo ti gba ìwé ìgbélùú kí n tó bí i. Olórí ẹbí kọ lẹ́tà, a padà lọ láàárọ̀ yìí, obìnrin kan là bá lórí ìjókòó ọ̀gá. Ó ka lẹ́tà tán, ó fi bíírò fa igi sí 'bàbá', ó kọ 'ìyá' sórí ẹ̀, ó ní ká wá gbà á lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Dámi ti ń bi mí báyìí pé báwo lòun ṣe máa gba ti Gánà mọ́ ọn.