Ẹ̀yin agbẹ̀bí, kí ni ojú yín rí lọ́dún kìíní?

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ mi ti jáde fún iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Iléṣà, oṣù tó ń bọ̀ la máa wọlé. Láti kékeré ni mo ti ń sọ pé iṣẹ́ tí màá ṣe nìyí, àmọ́ ní báyìí tó ti kù dẹ̀dẹ̀, mi ò rí oorun sùn mọ́. Mi ò tíì dé ibi tí obìnrin ti ń bímọ rí. Ẹ̀jẹ̀ sì máa ń dẹ́rù bà mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, báwo ni ọdún kìíní yín ṣe rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Ọmọ Ọbòkun
Bàtà. Ra bàtà tó rọ̀.

Sístà Ìsọ̀kún
Kú oríire, ọmọ mi. Iléṣà náà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbẹ̀bí. Má retí pé o máa gba ọmọ lọ́sẹ̀ tí o bá wọlé. Inú kíláàsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì yín mọ́. Egungun ìbàdí lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ó kan orí ọmọ: àwùjẹ̀ tiwájú, tẹ̀yìn, àti bí egungun orí ṣe ń gun ara wọn kí orí lè kọjá. Wọ́n á fi ọmọlangidi àti egungun ìbàdí tí wọ́n fi ike ṣe hàn yín bí orí ọmọ ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń yí, títí á fi jáde. Ó máa fẹ́ sú ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó sú ọ. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ wo obìnrin tó ń rọbí, ojú rẹ ò ní rí nǹkan kan, ohun tí o kọ́ lára ike yẹn ni ìka rẹ máa fi ríran.

Nígbà tiwa, ẹni tó bá yege ìdánwò ìpele àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń dé ní fìlà. Aṣọ òfì ni màmá mi wọ̀ wá lọ́jọ́ náà. Wọn ò mọ̀wé, àmọ́ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́.

Yàrá 112
Ilé ìwé agbẹ̀bí nìyẹn o. Èmi, dìgírì ni mò ń ṣe ní Ifẹ̀ níbí, ọdún márùn-ún, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pa pọ̀. Físíìsì, kẹ́mísírì, báyọ́lọ́jì àti ìṣirò ni mo fi gbogbo ọdún kìíní ṣe. Mo wọlé tán, mò ń retí ìkókó, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n gbé síwájú mi pé kí n là.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé
Ọdún kan gbáko, láìrí aboyún?

Yàrá 112
Mò ń rí wọn ní Mayfair tí wọ́n ń dúró de mọ́tò.

Ọmọ Ọbòkun
Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ ní Iléṣà jàre. Ṣé ẹ mọ káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé lọ sí kílíníìkì, èyí tí wọ́n fi ń ya ìlà bí ọmọ ṣe ń tóbi sí i? Ìmẹ̀sí-Ilé ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ lé e lórí láyé ọjọ́un, nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láàárín 1956 sí 1961. Ibi wa níbí ló ti tàn dé ilẹ̀ mìíràn.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé
Ìjẹ̀ṣà ti dé. Ta ló bi yín?

Sístà Ìsọ̀kún
Òótọ́ ló sọ o. Jẹ́ kó fi yangàn.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́
Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tó ti ṣẹlẹ̀. Ìparí ọdún kìíní mi ni, iṣẹ́ alẹ́, iná ti lọ. Obìnrin kan wá láti oko, ọmọ rẹ̀ kẹta ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìrora bá tún dé, á sọ̀ kalẹ̀, á kúnlẹ̀, á di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú. Sístà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń jágbe mọ́ ọn pé ó fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà ò dáhùn, ó kàn ń pe orúkọ ìyá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni màmá àgbà kan wọlé, agbẹ̀bí tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n tẹ́ rọ́bà sílẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ mímọ́ lé e, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, àwọn náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn obìnrin náà. Wọ́n ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá wo Sístà lójú, wọ́n ní, "Ìkúnlẹ̀ ni àwọn baba wa pè é. Ta ló sọ ọ́ di ìdùbúlẹ̀?"

Ó fún ìgbà mẹ́ta, ọmọ dé. Ọmọbìnrin. Ó ké kí ara rẹ̀ tó jáde tán. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ara ògiri ni mo ń tan iná sí. Màmá gbé ọmọ gba àárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ síwájú, ìyá fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ gbà á. Títí dòní, tí wọ́n bá ki ẹnì kan pé "ẹ kú ewu ọmọ," obìnrin yẹn ni mo máa ń rí.

Àdùnní Modákẹ́kẹ́
Omi bọ́ lójú mi.

Ìyá Ìbejì
Èmi ni wọ́n gbá nítan. Àwọn ìbejì mi. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, pé kí wọ́n jẹ́ kí n dìde díẹ̀, wọ́n gbá mi nítan pé ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ bímọ láyé ni. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ọdún kẹsàn-án rèé. Orí ìkànnì yìí ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Sístà Ìsọ̀kún
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ mi ni, mo bẹ̀ yín. Kò sí ìwé tó kọ́ wa pé ká gbá ẹnikẹ́ni.

Bàbá Àjàyí
Ẹ jọ̀ọ́, tí obìnrin bá kúnlẹ̀, báwo lẹ ṣe máa gbọ́ ọkàn ọmọ? Báwo lẹ ṣe máa dáàbò bo ojú ara kó má fàya? Mi ò ta kò yín o, mo kàn ń béèrè ni. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ṣe síbẹ̀, ó nídìí tí wọ́n fi ṣe é.

Sístà Ìsọ̀kún
Ìdí wà. Ó rọ agbẹ̀bí lọ́rùn láti ríran, àwọn ìgbà kan sì wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, bíi kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, tàbí kí dókítà ní láti fa ọmọ. Ṣùgbọ́n tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, obìnrin ló ni ara rẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018, wọ́n ní ká gba obìnrin níyànjú láti bímọ bó ṣe bá a lára mu, kódà kó dúró tàbí kó kúnlẹ̀. Ọkàn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ ni yóò gbọ́ ọ.

Àdùnní Modákẹ́kẹ́
Ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ yìí, Àbẹ̀kẹ́, múra sílẹ̀ fún un. Ìpè onígi kékeré yẹn ni wọ́n máa gbé fún ọ. Màá gbé e sórí ikùn, màá fetí lé e, ìfun ìyá nìkan ni mò ń gbọ́. Ojú ń tì mí, mo ń parọ́ pé mo ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Olùkọ́ mi kan ló mú ọwọ́ mi, ó ní kọ́kọ́ wá ẹ̀yìn ọmọ, ibẹ̀ ni ọkàn ti máa ń dún jáde. Di ọrùn ọwọ́ ìyá mú kí o má lọ ka tìyá mọ́ tọmọ. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń gún nǹkan lódò kíákíá ní agbo ilé kejì. Mo ka 138. 110 sí 160 ló yẹ kó wà. Mo sọ ọ́ fún ìyá náà, ó ní kí n jẹ́ kí òun náà gbọ́.

Má parọ́ bíi tèmi o. Tí o ò bá gbọ́, sọ pé o ò gbọ́.

Ọmọ Ọbòkun
Èyí ṣe pàtàkì ju bàtà lọ.

Bàbá Àjàyí
Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ mi dojú bolẹ̀ wáyé, nọ́ọ̀sì ló sọ fún wa, ìyá mi sì sọ ọ́ ní Àjàyí. Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí wá ń sọ fún mi pé gbogbo ọmọ ló ń dojú bolẹ̀ wáyé, àfi díẹ̀. Ṣé gbogbo ayé wá ni Àjàyí ni?

Yàrá 112
Ìbéèrè tó ti ń dà mí láàmú láti ọdún kẹta nìyí! Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ tó bá wá bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló máa ń kọjú sí. Tí ìyá bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ilẹ̀ ni ojú ọmọ yẹn máa wò. Ẹ wá jẹ́ kí ìyá kan náà kúnlẹ̀, kó tẹ̀ síwájú. Òkè ni ojú ọmọ yẹn máa wò báyìí! Nígbà ìkúnlẹ̀, ẹni tó máa dojú bolẹ̀ ni èyí tó kọjú sí ikùn ìyá rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ìrọbí rẹ̀ máa ń pẹ́, ẹ̀yìn ló sì máa ń dun ìyá jù. Èrò tèmi ni pé òun ni àwọn àgbà ń pè ní Àjàyí.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé
Ìwé wo lo ti kà á?

Yàrá 112
Kò sí nínú ìwé kankan. Mo fi ọmọlangidi àti egungun ike dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ̀lì ni.

Bàbá Àjàyí
Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyàwó mi bí tiwa sí.

Yàrá 112
Hẹ̀n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Àjàyí. Ìyá yín ti sọ ọ́.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́
Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá yìí, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni o, Àbẹ̀kẹ́. Bí o bá ti jáde láti sọ fún wọn pé ọmọ ti dé, ìyá ọkọ á béèrè pé, "Báwo ló ṣe wá?" Ìwọ nìkan lo rí i. Bí ìwọ́ bá wé mọ́ ọn lọ́rùn, sọ. Bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, sọ. Bó bá wá nínú àpò, sọ. Òkè nìyẹn. Ìwọ́ lọ́rùn, Òjó bó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bó bá jẹ́ obìnrin.

Àdùnní Modákẹ́kẹ́
Àìná ọkùnrin wà o. Bàbá àgbà mi ń jẹ́ Àìná.

Ọmọ Ọbòkun
Kò sí Àìná ọkùnrin.

Àdùnní Modákẹ́kẹ́
Ó wà! Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Ṣé kí n lọ jí wọn níbojì?

Sístà Ìsọ̀kún
Ó wà lápá ibòmíràn. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀.

Nípa ẹ̀jẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Jẹun kí o tó lọ sẹ́nu iṣẹ́, ebi ló ń gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú ju ẹ̀rù lọ. Ẹ̀rù náà á sì lọ bí o bá ti mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ. Bí o bá ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ìyá lẹ́yìn ìbímọ ti tó ike omi kékeré kan, 500 ml, ké sí àgbà, má dúró wò ó. Nígbà tí wọ́n bá gbé ibi ọmọ jáde, má sá sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ sílẹ̀, ṣí i wò, ṣé ó pé, ṣé ibì kan ò já kù sínú? Ka ihò inú ìwọ́: ó yẹ kó jẹ́ mẹ́ta, kékeré méjì àti ńlá kan. Ohun tó bá já kù sínú lè máa fa ẹ̀jẹ̀ lóru nígbà tí gbogbo yín ti rò pé ó ti parí.

Ìyá Ìbejì
Kí ẹ tó gbé e dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wá o. Ìyá ọkọ mi wá láti Ìpetu torí ibi àwọn ọmọ náà, wọ́n fẹ́ rì í mọ́ ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ti jó o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ títí wọ́n fi kú.

Sístà Ìsọ̀kún
Mo gbọ́. A máa ń dì í fún ẹni tó bá béèrè, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ó yẹ ká máa kọ́kọ́ béèrè.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ díẹ̀ sínú ìwé. Ìyá Ìbejì, màá rántí itan yín.

Mo bi màmá mi lánàá bí èmi fúnra mi ṣe wáyé. Mi ò bi wọ́n rí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú wá, pé Ìgè ló yẹ kí n máa jẹ́, bàbá mi ló ní òun ò fẹ́. Wọ́n ní agbẹ̀bí tó gbà mí ò pariwo rárá, ó kàn ń sọ pé, "Dúró jẹ́jẹ́, dúró jẹ́jẹ́," àwọn ò sì mọ̀ bóyá èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ tàbí àwọn.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́
Ìgè Àdùbí! Ẹ káàbọ̀ o.

Àbẹ̀kẹ́
Mo ti ra bàtà náà.

Ọmọ Ọbòkun
Ṣé ó gbà ọ́ dáadáa? Ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ọ́ lọ. Ẹsẹ̀ máa ń wú lóru.