Bébà ni, kì í ṣe ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń há bébà. Ní Tanke ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi wà, níbi tí àwọn ọmọ Yunifásítì Ìlọrin ti máa ń wá tẹ pírójẹ́ẹ̀tì wọn. Lóṣù Kẹsàn-án, òjò ń rọ̀ ṣáá, owó bébà sì ń gun òkè, ni mo bá ra páálí bébà A4 mẹ́rin, rímù (ìdì bébà) márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè ò sí. Mo tò wọ́n sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí òjò máa ń gbá. Kí iṣẹ́ lè yá, mo tún máa ń tú rímù méjì-mẹ́ta sílẹ̀ láàárọ̀.

Bí ẹ̀rọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í há bébà nìyẹn. Èyí tó bá ráyè jáde á ká kòrókòró, ooru á máa rú lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù jókòó tì mí, omi ń dà lójú ẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó àtúnṣe. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa bébà, ibi tí a wà náà la tún wà.

Àlfáà kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló là mí lójú. Wọn ò tilẹ̀ tú u. Wọ́n mú bébà kan, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Àlàájà, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yín. Bébà yín ló ti mumi."

Wọ́n lọ mú rímù tuntun wá ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó ń jáde wọ̀ọ̀ láìhá. Wọ́n ní bébà máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, pé ọ̀rá tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi dì í ló ń dáàbò bò ó. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń yọ́ tọ́nà, ìyẹn àtíkè tó fi ń tẹ̀wé, mọ́ bébà sì gbóná tó 200 dígírì, omi yẹn ló ń di ooru. Nígbà tí a gbé páálí ìsàlẹ̀, ìkán ti jẹ ìdí ẹ̀.

Mo ti kan pákó báyìí. Páálí ò kan ilẹ̀, kò kan ògiri, mo sì ń tò ó ní ìdùbúlẹ̀. Rímù kan ni mò ń tú lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù á wọnú ọ̀rá lálẹ́.

—

Èmi tí mò ń fèsì sí Àlàájà yìí ń bẹ ní Òmù-Àrán, ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọyẹ́ ló yọ mí lẹ́nu ní tèmi. Bébà á gbẹ táútáú, ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ èkejì, méjì-mẹ́ta á jọ wọlé. Mo máa ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́ bí abẹ̀bẹ̀ kí n tó kì í bọ ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá sì gbé e dé láti Ìlọrin, mi ò ní tú u títí di ọjọ́ kejì, kí ara rẹ̀ lè bá ibí mu ná.