Ohùn olórin ń rì sábẹ́ bàsì nínú Corolla mi. Ṣé kí n ra ámúpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) ńlá ni?

Ọmọ Òkè-Fíà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo níbí ni wọ́n ti bá mi ṣe é. Ámúpù oní-ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin wà ní búùtù: méjì ń gbé sípíkà ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n so méjì yòókù pọ̀ fún wúfà (sípíkà bàsì) 12 ínǹṣì, 4 ohm. Bàsì ń mi ọkọ̀ tìtì, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tí olórin ń wí. Bí ẹ̀ńjìnnì bá sì ṣe ń sáré sí i ni nǹkan kan ń ké “wíìì” nínú sípíkà. Ẹni tó ṣe é ní ámúpù ló kéré.

Baba Wáyà
Àbúrò, jẹ́ kí owó ẹ wà lápò. Wíìì yẹn, láti alternator ló ti ń wá. Yọ wáyà RCA (èyí tó ń gbé ohùn láti rẹ́díò wá) kúrò lẹ́yìn ámúpù: tí igbe náà bá dákẹ́, ọ̀nà rẹ́díò ló ń gbà wọlé, tí kò bá dákẹ́, wo ibi tí wáyà dúdú ámúpù ti kan bọ́dì. Àwọn rewire a máa dè é mọ́ orí ọ̀dà, ọ̀dà kì í sì í gbé iná. Ha á títí irin á fi dán, fi bóòtù dè é le. Wáyà náà kò gbọdọ̀ gùn ju 45 sẹ̀ǹtímítà lọ, kó sì nípọn bíi ti pupa tó ń gbé iná wá láti bátìrì. RCA gba ọ̀tún, wáyà pupa gba òsì. Ṣé fíúsì wà lára pupa yẹn, nítòsí bátìrì? Tí kò bá sí, yọ wáyà pupa náà kúrò lórí bátìrì títí wàá fi fi í sí i. Iná ni mò ń sọ.

Ẹlẹ́rọ Ìgbọ̀nà
Gain (ohun tí à ń yí lára ámúpù láti bá agbára rẹ́díò mu) kì í ṣe fólúùmù o! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Pa bass boost (àfikún bàsì), dá gbogbo EQ (àtúntò ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè) padà sí 0, yọ wáyà sípíkà kúrò lára ámúpù. Tí fólúùmù rẹ́díò bá parí sí 40, gbé e sí 30. Ju ohùn ìdánwò 50 Hz sí i láti rẹ́díò, sún mítà tí wọ́n fi ń wọn iná sí AC, fi kan ojú tí wúfà ń gbà. Wáàtì ámúpù ìgbà ohm sípíkà, kí o tẹ square root: 300 wáàtì ní 4 ohm jẹ́ 1200, ìyẹn 34.6 fóòtì (volt). Gbé gain láti ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mítà á fi ka iye yẹn, dúró níbẹ̀. Fún ilẹ̀kùn, lo 1000 Hz. 60 wáàtì ní 4 ohm á fún ẹ ní 15.5. Tí o bá kọjá ibẹ̀, ámúpù á máa gé orí ohùn, kọ́ìlì á gbóná, á jó.

Ti ohùn tó ń rì: ó dá mi lójú pé LPF wúfà (èyí tó ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ nìkan kọjá) ṣí sílẹ̀ dé 200 Hz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wúfà wá ń bá olórin sọ̀rọ̀ láti búùtù. Fi sí 80. Fi HPF ilẹ̀kùn (èyí tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò) náà sí 80.

Ọmọ Òkè-Fíà
Ẹ ṣé gan-an. Wíìì ti lọ, ọ̀rọ̀ orin ti já gaara. Àmọ́ bàsì kò dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà mọ́, ẹ̀yìn ló wà.

Alágbọ̀ọ́
Pààrọ̀ + àti − wúfà síra wọn, jókòó síwájú, tẹ́tí. Èyí tó bá kún jù níbẹ̀ ni kí o fi sílẹ̀. Yẹ ilẹ̀kùn méjèèjì wò pẹ̀lú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóòtì kan: + sí +, awọ sípíkà gbọ́dọ̀ ta síta. Bí ọ̀kan bá wọlé, òun ló ń jẹ bàsì èkejì.

EQ ló kù. Dín in kù, má fi kún un. Ṣe é níbi tó dákẹ́, kì í ṣe ní oríta Ọlá-Ìyá. Fi orin tí ìyáàlù ń fọhùn sí i: tí o kò bá mọ ohun tó ń wí, dín àárín 250 sí 400 Hz kù ní 2 tàbí 3 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó). Tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá ń gún ẹ létí, dín òkè, nítòsí 8000.

Tí nǹkan kan bá ṣì ń dún kàrà-kàrà lẹ́yìn, nọ́ńbà ọkọ̀ ni. Fi fóòmù há a lẹ́yìn.