Ta ló gbé ta ká? Èsì lórí "ọ̀mọ̀wé alágbèéká"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì lè dákẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ olùkọ́ fásitì tó wà lórí ìrìn-àjò, tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí Twitter láti inú gbọ̀ngàn àpérò, tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣèpàdé lórí Zoom láti pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "ọ̀mọ̀wé alágbèéká". Ọmọ Yorùbá wo ló máa gbọ́ èyí tí kò ní rò pé ńṣe ni wọ́n pọn ọ̀mọ̀wé náà sẹ́yìn?

Fóònù alágbèéká, mo gbà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó dáa. Ohun tí à ń gbé kiri ni wọ́n, ẹlòmíì ló sì ń gbé wọn. Ẹ̀gbọ́n ní "oní" ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé bí aláṣọ ṣe jẹ́ ẹni tó ní aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni alágbèéká ṣe lè jẹ́ ẹni tó ní ohun tó ń gbé ká. Àlàyé yìí gún régé lórí ìwé, ṣùgbọ́n ẹnu kọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó mú fóònù dání ní alágbèéká. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìlò bá ti fi ọ̀rọ̀ jókòó sí, "oní" kò lè fà á dìde níbẹ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa àfi tí a bá fi sínú gbólóhùn mẹ́ta: ọ̀kan tí ọmọdé lè sọ, ọ̀kan tí a lè sọ lójú àgbà, ọ̀kan tí a lè fi bínú. Ẹ fi "ọ̀mọ̀wé alágbèéká" bínú kí n gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ẹ̀rọ ló ń gbé ọ̀mọ̀wé ká, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé e dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ORCID, èyí tí a fi ń dá olùwádìí mọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, kì í yí padà, bí èèyàn tilẹ̀ pààrọ̀ fásitì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Àmọ́ orúkọ ni ìyẹn gbé ká, kò gbé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ. Ẹ wá wo eduroam, Wi-Fi tí àwọn fásitì jọ ń lò. Bí ẹ bá dé fásitì mìíràn tó ní in, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ń lò nílé náà lẹ máa tẹ̀, fásitì tiyín ló sì máa jẹ́rìí yín kí ọ̀nà tó ṣí. Ẹ̀yin lẹ gbé e débẹ̀.

Lọ́dún kan tí mo lọ ka bébà ní àpérò kan, mo yọ síìmù mi, mo fi ti ibẹ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú, mo fẹ́ wọ àpótí ímeèlì tí bébà náà wà. Àwọn tó ni ímeèlì náà ní àwọn ti fi nọ́ńbà mẹ́fà tí mo máa fi wọlé ránṣẹ́ sí fóònù mi. Síìmù tó yẹ kó gbà á wà nínú àpamọ́wọ́, kò tóbi ju èékánná lọ, èmi sì ń fi abẹ́rẹ́ wá ihò ẹ̀gbẹ́ fóònù ní aago méjì òru. Nígbà tí mo dá a padà, kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí n kò ṣètò rẹ̀ fún ìrìn-àjò kí n tó kúrò nílé. Kókó tí mo fọwọ́ kọ sínú ìwé kékeré ni mo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí wá ni ẹ̀rọ gbé lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Èmi ni mo gbé iṣẹ́ rìn, tí mo sì sọ ọ́ nù sọ́nà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá agbéṣẹ́rìn. A-gbé-iṣẹ́-rìn. Òun àti agbaṣẹ́ṣe jọ ní ìṣẹ̀dá, a kò sì ní ṣì wọ́n gbọ́: gbà ló di gba nínú tọ̀hún, gbé sì dúró lórí ohùn òkè rẹ̀. Ẹnìkan ní ó jọ alárù. Bó bá jọ alárù ńkọ́? Ẹrù wà lórí wa lóòótọ́.

Kí n tó gbàgbé, arákùnrin tó kọ "àtẹ̀lé" fún àwọn tó ń tẹ̀lé èèyàn lórí Twitter (wọ́n ti sọ ọ́ di X ní 2023, ẹnu mi ni kò tíì gbà á), ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Akọ̀wé ló ń kọ. Àkọsílẹ̀ ni ohun tó kọ. Atẹ̀lé ni ẹ̀ bá kọ, ohùn àárín. Ẹ má mú àgbẹ̀ wá bá mi, ìyẹn kò ṣeé là sí méjì bẹ́ẹ̀. Ìyá wa tó dábàá "ọmọ-ẹ̀yìn", ẹ má bínú sí mi: ọmọ-ẹ̀yìn ní ọ̀gá tó ń kọ́ ọ. Ẹni tó kàn ka ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ ní pápákọ̀ kò tíì di ọmọ-ẹ̀yìn mi.

Àmì # tí Chris Messina dábàá lórí Twitter ní 2007, tí a fi ń kó ọ̀rọ̀ àpérò jọ, àmì-àkójọ ni mò ń pè é. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí gbólóhùn mẹ́ta yín. Ẹ fi èyí tí ẹ máa fi bínú ṣáájú.