Èkó sí Heathrow: bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àti iye wákàtí tó ń gbà

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow ní London tó bíi 5,000 kìlómítà, ìyẹn nǹkan bí 3,100 máìlì. Ẹ má kàn fi eré 900 kìlómítà tí bàálù ńlá ń sá ní wákàtí kan pín in, kí ẹ ní wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ni. 5,000 yẹn, ọ̀nà tó ṣe tààrà jù lọ ni, bàálù kì í sì í gba orí rẹ̀ gan-an. Eré rẹ̀ kì í tó 900 nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá tún pọ̀ lójú òfurufú London, wọ́n lè ní kó máa yí po lókè Ockham tàbí Biggin lẹ́bàá London títí yóò fi kàn án. Wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀ ló sábà ń lò lókè. Ti orí tíkẹ́ẹ̀tì máa ń tó mẹ́fà ààbọ̀, torí àtìgbà tó bá ti kúrò níbùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìkẹjà títí yóò fi dúró pátápátá ní Heathrow ni wọ́n ń kà.

—

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Aago ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Tiwa kì í yí padà, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi wákàtí kan lọ síwájú lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, ó sì ń padà lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà náà, Èkó àti London dọ́gba. Nígbà òtútù, London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn: bí tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kejìlá bá ní ẹ gbéra ní 10:30 àárọ̀ kí ẹ dé ní 4:00 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 6 àti ààbọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé nígbà òtútù yẹn, ẹ yọ wákàtí kan nínú ìyàtọ̀ aago méjèèjì.

—

Àríwá ni bàálù London kọrí sí, nítorí náà afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ lókè láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fẹ́ lù ú. Àlọ àtàbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, kò dà bíi ti New York tí afẹ́fẹ́ yẹn ń dojú kọ ọkọ̀ nígbà àlọ, tó sì ń tì í lẹ́yìn nígbà àbọ̀.

Ọ̀nà ló lè ba ìṣirò jẹ́. Òkè orílẹ̀-èdè Niger àti Àlgéríà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà. Nígbà tí àwọn ológun Niger ti ojú òfurufú wọn ní 6 oṣù Kẹjọ 2023, títí di 4 oṣù Kẹsàn-án, ṣe ni wọ́n ní láti yí gba ibòmíràn, àkókò gùn, epo sì pọ̀ sí i. Kùrukùru náà ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2020, ó bo Ìkẹjà débi pé àwọn bàálù kan láti òkè òkun lọ balẹ̀ sí Accra, bíi 400 kìlómítà sí Èkó. Ẹni tó bá máa wọ ọkọ̀ míì lásìkò ọyẹ́, kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kó so wọ́n pọ̀ sí. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ bá pẹ́, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni láti wá ibòmíràn fi í sí.